Ìjọ Tí Yóò Gbà Wá

Bí ẹ bá bi Jádesọ́lá pé níbo ni ìfẹ́ ti ká òun mọ́, kò ní fi bò: abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìjọsìn wọn ní Sakété ni, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú lójijì. Àwọn akọrin ń palẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun alùpùpù wọ inú ọgbà, ọmọ ọ̀pẹ inú àpò dúdú kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ sá wọ abẹ́ òrùlé. Àwọn ọmọ ọ̀pẹ náà ló ń gbé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ìkókó, tí omi sì ń ṣàn lórí òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rín pa Jádesọ́lá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ya òjò ná. Ọ̀pẹ wo ló ń bẹ̀rù òjò?"

"Èyí tó ti dàgbà ni kì í bẹ̀rù," ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. "Ọmọdé lèyí. Bí òjò bá wẹ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀, ó parí."

Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni Jádesọ́lá, àwọn tí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí òjò dá, tó yẹ kí àlejò máa lọ, kò lọ.

"Hermann lorúkọ mi. Ọmọ Towé ni mí, ṣùgbọ́n Pobè ni mo ti ń gbin ọmọ ọ̀pẹ tà. Ẹ̀yin lẹ ń gbe orin yẹn látìsàlẹ̀, àbí? Ojú títì ni mo ti gbọ́ ọ. Kí n má purọ́ nílé Ọlọ́run, òjò nìkan kọ́ ló yà mí wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni Hermann ṣe di ẹni tó ń ti Pobè wá jọ́sìn ní Sakété lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀nà náà ò jìnnà fún ẹni tó ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n ó gùn gan-an fún ẹni tí ọkàn ń fà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Jádesọ́lá á fi fóònù metí lábẹ́ igi nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré, á máa gbọ́ Hermann tó ń sọ̀rọ̀, á máa gbọ́ omi tó ń bu wọ́n ọ̀pẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Á gbọ́ ọ tán, á tún gbọ́ ọ. Elvire, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe alárinà wọn, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́, ohùn yẹn á gbó o!"

Fòfó Hermann ló ń pè é níbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin lágbègbè wọn. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó yéé pe òun bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ ni mo fẹ́ jẹ́."

Ojú ti Jádesọ́lá, inú rẹ̀ sì dùn.

* * *

Elvire ni wọ́n rán sí Ìyá Jádesọ́lá. Opó ni ìyá náà. Ará Ìlaròó ni òun àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n wá ṣòwò ní Sakété kí wọ́n tó bí Jádesọ́lá. Abọ́ oníke àti garawa ìpọnmi ló ń tà lọ́jà. Elvire ṣe gbogbo ètò ọ̀rọ̀, ó yin Hermann títí, ó ní onígbàgbọ́ ni, ó ti ṣe ìrìbọmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ tutù.

"Mo gbọ́," ni ìyá wí. "Ta ni bàbá ẹ̀?"

Elvire wo Jádesọ́lá. Jádesọ́lá wo ilẹ̀.

"Bàbá Èjìdé ni wọ́n ń pè wọ́n, ní Towé. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n, Màmá. Ọmọ ilẹ̀ Ohori."

Ìyá rọra gbé abọ́ tó ń nù kalẹ̀. 

"Jádesọ́lá, ìwọ náà mọ̀."

Ó mọ̀. Ọmọ kékeré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ti ìyá rẹ̀ mọ́ inú yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n fá a lórí, wọ́n ní kó mu omi tí wọ́n fi wẹ òkú kí àwọn lè mọ̀ pé òun kọ́ ló pa ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ ló já ilẹ̀kùn wọlé, tí wọ́n fi aṣọ bò ó lórí, tí wọ́n mú un jáde.

"Ìjọ Pásítọ̀ Zacharie ló yọ mí," ni ìyá wí. "Láti ọjọ́ náà, ibi tí pásítọ̀ bá ní kí n dúró ni mò ń dúró. Ẹ lọ bá a. Bó bá ní ó dáa, màá ṣe àmín. Bó bá ní kò dáa, ẹ má tún padà wá bi mí."

Pásítọ̀ Zacharie kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbà wọ́n tẹ̀rín tẹ̀rín, ó fún wọn lómi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dópin. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó fẹ́. Hermann yóò dìde níwájú ìjọ, yóò sọ pé ilé bàbá òun ilé Èṣù ni, àti pé láti òní lọ òun kì í ṣe ọmọ ọkùnrin náà mọ́. Kò ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá bàbá náà, kò ní bá wọn dé ibi òkú.

Hermann na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún.

"Pásítọ̀, mi ò bá bàbá mi bọ nǹkan kan. Ó mọ̀, kò fagbára mú mi rí. Aṣọ funfun tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìrìbọmi mi, òun ló fọ̀ ọ́, òun ló sá a. Ẹ wá ní kí n dìde láàárín èrò kí n ní n kì í ṣe ọmọ ẹ̀?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju Olúwa lọ…"

"Olúwa yẹn náà ló ní kí n bọ̀wọ̀ fún un, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò lè súre fún wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Jádesọ́lá náà dúró díẹ̀ kúrò láàárín àwọn akọrin títí tí orí rẹ̀ á fi wálé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Jádesọ́lá jókòó sáàárín èrò. Nígbà tí orin dé ibi tí ohùn tirẹ̀ máa ń wọlé, ẹlòmíràn gbé e, orin sì wọ́ díẹ̀. Ó di ètè rẹ̀ mú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè jókòó sílé kí àárò ilé máa sọ ọ́.

* * *

Bí wọ́n ṣe di arìnrìn-àjò ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn, tí wọ́n ń wá ìjọ kiri. Wọ́n dé ọ̀kan ní Pobè. Wọ́n fẹ́ràn Hermann níbẹ̀, wọn ò sì bèèrè ẹ̀sìn bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jádesọ́lá ní akọrin lòun, àgbàlagbà ìjọ náà ní àwọn kì í jẹ́ kí ohùn obìnrin ròkè lójú àwọn ọkùnrin. Kó kàn máa gbé orin náà nínú ọkàn. Hermann ló kọ́kọ́ dìde.

"Ohùn ẹ ló fà mí dé ọ̀dọ̀ ẹ," ló wí nígbà tí wọ́n dé ìta. "Kí n wá fọwọ́ ara mi dì í lẹ́nu?"

Ní Takon, alàgbà kan ní kò burú, àwọn á so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n kí Jádesọ́lá kọ́kọ́ lọ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá kò lóyún.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Jádesọ́lá wí. "Kí ni Hermann náà máa lọ yẹ̀ wò?"

Alàgbà ní ọmọbìnrin náà ti ya aláfojúdi kó tó délé ọkọ.

Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Elvire ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kó tán. Jádesọ́lá rò ó títí. Kò fẹ́ fi ìwé nìkan gbéyàwó. Ó fẹ́ kí ẹnì kan gbé ọwọ́ lé àwọn lórí kó ní kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn, kí ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó máa ṣe àmín.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ìjọ kẹrin bọ̀, níbi tí wọ́n tún ti ní kí Hermann kọ bàbá rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ já lẹ́nu Jádesọ́lá. Hermann ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó ti rẹ Jádesọ́lá, eruku bo aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ṣé o ò kàn lè sọ ọ́ ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bàbá ò ní sí níbẹ̀, wọn ò ní gbọ́!"

Hermann wò ó. Ó tẹ alùpùpù, ó gbé e délé, ó ní "Ó dàárọ̀ o," ó lọ.

Ohùn rẹ̀ ò wọlé lọ́jọ́ kejì. Kò wọlé lọ́sẹ̀ náà. Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ dé, ètè àwọn ọmọ iléèwé là, fóònù Jádesọ́lá dákẹ́ síbẹ̀. Ìgbéraga ò jẹ́ kó kọ́kọ́ pè. Nígbà tí ìgbéraga tán, ìtìjú ló kù. Bí alùpùpù kan bá dún lóde, á gbójú sókè. Á tún gbọ́ àwọn ohùn àtijọ́ tí Hermann fi ránṣẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí: "Mo jẹ gàrí lónìí, mo rántí ẹ." Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin tí òun fẹ́ràn nítorí pé ó ń fi ìka rọra mú nǹkan, kí ló dé tóun ní kó já bàbá rẹ̀ jùnù bí ewé?

Ìyá rẹ̀ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé láti Ìlaròó, Ládiípọ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ó jẹun, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kò ní àbùkù kankan. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe Hermann.

Alẹ́ ọjọ́ náà Jádesọ́lá pe Elvire. "Ọ̀rẹ́ mi, sìn mí dé Towé lọ́la. Bàbá yẹn tí gbogbo wa ń jà lé lórí, mi ò tíì rí ojú wọn rí."

* * *

Bàbá Èjìdé jókòó sí àgbàlá, ó ń hun apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà síwájú nítorí ó ń dùn ún. Jádesọ́lá kúnlẹ̀, kò sì tíì dárúkọ ara rẹ̀ tí bàbá fi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni olùkọ́ Sakété."

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ti ròyìn ẹ fún mi títí tí mo fi mọ ìrìn ẹ. Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn gbóná."

Kò dìde. "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì ni. Mo ní kí Hermann sọ níwájú ìjọ pé ẹ̀yin kọ́ ni bàbá òun."

Bàbá fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Jádesọ́lá ń retí ìbínú. Ẹ̀rín ló gbọ́, ẹ̀rín àgbàlagbà tí kò kọjá ọ̀fun.

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Bàbá?"

"Mo ní kó lọ sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́, kó fẹ́ ìyàwó ẹ̀ wálé. Mo ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní Sakété, mi ò lè gbọ́ ọ ní Towé. Ṣé o mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin ò ní gbọ́, ṣùgbọ́n etí tèmi ò jìnnà sí ẹnu mi.'"

Omi lé ròrò sí Jádesọ́lá lójú. Elvire tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà fi etí aṣọ nu imú.

"Má sunkún," ni bàbá wí. "Ìjọ lẹ ń wá, àbí? Ẹ ò ṣe lọ sí Aguidi? Nígbà tí ìyá Hermann kú, àwọn ìjọ kan tibẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn. Obìnrin ni olórí wọn. Wọ́n pọnmi, wọ́n gbálẹ̀ ilé yìí. Nígbà tó kan ètò tiwa, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n mú sùúrù fún wa. Nígbà tí a parí, wọ́n ní ṣé àwọn lè kọrin kan fún olóògbé. Kò sẹ́ni tó bú ẹnì kan."

"Hermann ò sọ nípa wọn rí."

"Ọ̀fọ̀ ló wà lójú ẹ̀ nígbà náà. Ta ló ń mọ ẹni tó wá kí òun lọ́jọ́ yẹn?"

Láti Towé, Pobè ló gbà lọ. Hermann ń bomi rin àwọn ọmọ ọ̀pẹ, ó ti rù. Nígbà tó gbójú sókè tó rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró, omi ń dà sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ti Towé bọ̀," ni Jádesọ́lá wí. "Bàbá sọ ohun tí o sọ fún wọn. Dárí jì mí."

"Mo ti fẹ́ pè ẹ́ lójoojúmọ́," ni Hermann wí. "Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo ní bí o bá tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sọ ọ́."

* * *

Ilé ìjọsìn Aguidi ò tóbi. Páànù ni òrùlé rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ Béatrice ń gbá àgọ́ ìdáná ìjọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Hermann dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ilé wọn, ó sì múra sílẹ̀ bó ṣe máa ń múra sílẹ̀ níbi gbogbo.

Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Towé? Ọmọ Bàbá Èjìdé ni ẹ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́?"

Gbogbo ìjọ tí wọ́n ti rìn dé, kò sẹ́ni tó bèèrè àlàáfíà bàbá Hermann rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ojú sí àtẹ́lẹwọ́.

Pásítọ̀ yí sí Jádesọ́lá. "Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ń ṣe nínú ìjọ?"

"Mo máa ń kọrin, mà. Tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀ kẹ̀? Ọ̀fun ń dùn ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Jádesọ́lá, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

Pásítọ̀ Béatrice gbà láti súre fún wọn. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín jí ara yín gbé," ló wí. "Èmi fúnra mi á lọ bá ìyá ẹ."

Ó lọ lóòótọ́. Elvire ló mú un dé ìdí ọjà. Ìyá Jádesọ́lá bi í bóyá àwọn obìnrin náà ti ń jẹ́ pásítọ̀ láyé ìsinsìnyí, lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn yàrá tó ṣókùnkùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pásítọ̀ Béatrice ò já a lẹ́nu. Nígbà tí ìyá parí, pásítọ̀ ló ń nu ojú.

"Ìyá, ẹ̀rù yín tọ̀nà. Mi ò ní kí ẹ má bẹ̀rù. Mo kàn ní kí ẹ wá wo ojú ọkùnrin náà kí ẹ tó bẹ̀rù ẹ̀."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́.

* * *

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó náà. Bàbá Èjìdé ti dé láàárọ̀, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò níta. Ó ní òun àti àwọn bàbá òun ní àdéhùn, òun ò ní wọ ilé ẹ̀sìn mìíràn, ṣùgbọ́n òun á gbọ́ láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó fà á lápá.

Jádesọ́lá wọṣọ tán, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́nà Sakété. Oòrùn ń gun òkè. Àwọn akọrin kọrin kan, wọ́n kọ òmíràn. Hermann wá dúró tì í, ó fi èjìká kan tirẹ̀. Jádesọ́lá ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyá òun ò wá mọ́ nígbà tí zémìjàn kan, alùpùpù akérò, fa eruku wọ ọgbà. Elvire kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn.

"Ọmọ mi ni mo wá wò," ni ìyá wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Mi ò wọ ìjọ tí kì í ṣe tèmi."

Ó sì dúró sínú oòrùn, àpamọ́wọ́ rẹ̀ ní àyà, nítorí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níta, bàbá náà ló sì wà lórí rẹ̀.

Pásítọ̀ Béatrice yọjú lójú fèrèsé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yí sí àwọn ènìyàn inú ilé.

"Ẹ gbé àga yín, ẹ jẹ́ ká lọ síta."

Ìjọ bá tú jáde, ẹlẹ́ni gbé ẹní, alága gbé àga. Láàárín gìrìgìrì yẹn ni Bàbá Èjìdé gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ìyá, ẹ wá jókòó," ló wí. "Èmi ti jókòó láti àárọ̀."

Ìyá Jádesọ́lá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jọ pé ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, bóyá ojú àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọkùnrin arúgbó kan ló rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yà kúrò nínú ibòji nítorí tirẹ̀. Ìyá jókòó. Kò pẹ́ tó tún fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ padà wá jókòó. Ẹsẹ̀ yín ò gbé yín. Bẹ́ǹṣì yìí gba ẹni méjì."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Jádesọ́lá àti Hermann kúnlẹ̀ lórí ẹní, tí Pásítọ̀ Béatrice gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Nígbà tí àdúrà parí, àmín ìyá rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n Jádesọ́lá gbọ́ ọ. Àwọn akọrin gbé orin sókè lédè Gùn, òun náà sì bá wọn gbé e. Láàárín orin ló gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn òun, tó ń bèèrè pé kí ni wọ́n ń wí, òun ò gbọ́ Gùn. Ìyá rẹ̀, tó ti bá àwọn Gùn dúnàádúrà lọ́jà ju ogún ọdún lọ, tẹ̀ sún mọ́ etí bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú orin náà fún un, ẹsẹ kan tẹ̀ lé ẹsẹ kan.